Yàrá Tí Surya Fi Sílẹ̀

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 1 Mágh

Oṣù Mágh, oṣù òtútù wa, wọlé lónìí. Kùrukùru kò jẹ́ kí n rí ilé tó kọjú sí tiwa. Ìyá ọkọ mi da òróró sí mi látàrí, wọ́n fọwọ́ pa á wọnú irun, wọ́n ní kí orí mi tutù. Wọ́n fún mi ní yànmọ̀tí àti ṣúgà dúdú. "Jẹ ẹ́ tán. Ibi tí ò ń lọ yẹn, a kì í fi ikùn òfìfo wọ ibẹ̀."

Ibi tí mò ń lọ: yàrá kékeré tó wà lábẹ́ ilé ìkàwé àdúgbò, lẹ́gbẹ̀ẹ́ gbàgede tí àwa amọ̀kòkò ti ń sá ìkòkò sóòrùn. Àga méjì. Ẹní kan. Sítóòfù tíì. Ìwé orúkọ. Wọ́n kọ ọ́ sára ilẹ̀kùn: Ẹ wọlé, ẹ jókòó. Kò sí pé èèyàn ń dá àdéhùn. Ẹni tí ọkàn rẹ̀ bá wúwo lè wá láàárín aago mẹ́wàá sí mẹ́rin, kó sọ ọ́, tàbí kó má sọ ọ́.

Gbogbo àdúgbò ń pè é ní yàrá Surya. Ọdún mẹ́fà ni Surya fi jókòó níbẹ̀. Ó kú ní oṣù mẹ́ta sẹ́yìn, nígbà tí àjọ̀dún àtùpà ṣẹ̀ṣẹ̀ kọjá. Inú adágún tó wà lẹ́yìn àdúgbò ni wọ́n ti bá a. Ó yọ̀ ṣubú ni — bẹ́ẹ̀ ni ọkọ rẹ̀ wí, bẹ́ẹ̀ náà ni gbogbo wa ń wí.

Láti ìgbà náà ni wọ́n ti ti yàrá yẹn pa. Nọ́ọ̀sì Pabitra tó ń bójú tó o fi ogójì ọjọ́ kọ́ mi ní iṣẹ́ náà. Ó ní èmi ló yẹ, torí ọ̀rẹ́ Surya ni mí. Mo gbà lójú ẹsẹ̀. Kò bi mí pé kí ló dé tí mo fi tètè gbà.

Mi ò jókòó sórí àga rẹ̀. Orí ẹní ni mo jókòó sí.

Ọjọ́rú, 2 Mágh

Ẹnì kankan ò wá.

Ọjọ́bọ̀, 3 Mágh

Ẹnì kan wá. Ìlànà ni pé mi ò gbọ́dọ̀ kọ orúkọ àwọn tó ń wá síbòmíràn yàtọ̀ sí ìwé orúkọ, nítorí náà èmi ni màá máa sọ wọ́n lórúkọ. Ẹni tòní: Bàbá Fìlà. Àgbà amọ̀kòkò, fìlà kì í kúrò lórí wọn. Láti ọjọ́ ìmìtìtì ilẹ̀ ni ọwọ́ òsì wọn ti ń gbọ̀n. Bí ọkọ̀ akẹ́rù bá ń kọjá, tí ilẹ̀ sì mì díẹ̀, wọ́n á sáré bọ́ síta.

Wọ́n ní, "Èmi ò ní ìṣòro kankan o. Tíì ni mo wá mu."

Mo ní tíì wà.

"Keshari tó máa ń bá ewúrẹ́ jà láàárọ̀. Ìwọ náà ni wọ́n ní kó máa gbọ́ tẹnu èèyàn."

Mo ní ewúrẹ́ ni kì í gbọ́ tẹnu mi. Wọ́n rẹ́rìn-ín, eyín iwájú méjì tó kù hàn. Wọ́n mu tíì dé ìdajì. Ọkọ̀ akẹ́rù kan kọjá. Wọ́n ti wà níta kí n tó gbójú sókè.

Nígbà tí wọ́n padà, ẹnu ọ̀nà ni wọ́n dúró sí, wọ́n ń wo àga Surya. "Kí ló dé tí o ò jókòó síbẹ̀?" Mo kó ife wọn nílẹ̀. Wọ́n ní, "Hùn. Èmi náà ò lè jókòó síbẹ̀." Wọ́n lọ.

Ọjọ́ Àìkú, 6 Mágh

Ìyá Ọsàn. Arúgbó kan tó ń tẹ̀pá, ọsàn mẹ́ta nínú ìborùn wọn. Àwọ̀ funfun ti bo ẹyinjú wọn méjèèjì. Wọ́n fi ọ̀pá wá àga àlejò rí, wọ́n jókòó, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í bó ọsàn.

"Surya, o pẹ́ kó o tó ṣílẹ̀kùn."

Mo ní, "Ìyá, èmi kọ́ ni Surya. Keshari ni mí, ìyàwó ilé amọ̀kòkò."

Wọ́n ń bó ọsàn wọn lọ. Wọ́n na ìdajì sí mi. "Jẹ ẹ́, Surya. O ti rù."

Mo gbà á, mo jẹ ẹ́. Wọ́n sọ̀rọ̀ nípa orúnkún wọn, àti ọmọ wọn tó ń ṣiṣẹ́ ní Kátà nílẹ̀ Lárúbáwá, tí kò pè láti ọjọ́ àjọ̀dún. Lẹ́yìn náà wọ́n bi mí pé ṣé mo ti ń rí oorun sùn báyìí. Wọ́n béèrè é bí ẹni tó ti béèrè é lọ́pọ̀ ìgbà rí.

Nígbà tí wọ́n tún pè mí ní Surya, mo dáhùn.

Kí ló ṣe mí?

Ọjọ́ Ajé, 7 Mágh

Sílípáàsì kan wà tí Surya máa ń wọ̀. Okùn tẹsẹ̀ òsì ti já, wáyà ló fi so ó. Bó bá ń bọ̀, ẹ óò gbọ́ ọ kí ẹ tó rí i: pá — ṣáà, pá — ṣáà. Ní aago méjì ọ̀sán òní, mo gbọ́ ọ lẹ́nu ọ̀nà. Mo jáde. Kò sí ẹnikẹ́ni. Àwọn ìkòkò nìkan ló wà ní gbàgede, ẹnu gbogbo wọn là sókè.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 8 Mágh

Ọjọ́ Pabitra. Ìlú ńlá ló ti ń wọ bọ́ọ̀sì wá lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun. Ó ṣí ìwé orúkọ: èèyàn méjì. Ọ́fíìsì wọ́ọ̀dù ti kọ lẹ́tà sí i pé bí nǹkan bá rí báyìí títí Mágh fi parí, àwọn yóò gba yàrá náà láti máa kó ìjókòó àjọ̀dún sí.

Ó ní, "Nígbà Surya, èèyàn mẹ́wàá, méjìlá, lójúmọ́. Níbo ni wọ́n wọlẹ̀ sí?"

Mi ò mọ̀.

"Ẹ̀yin fúnra yín ńkọ́, Ẹ̀gbọ́n?"

Mo ní dáadáa ni mo wà. Ó wò mí títí. Ó ní bí Surya náà ṣe máa ń dáhùn nìyẹn.

Ọjọ́rú, 9 Mágh

Ìyá Ọsàn. Mo tún jẹ́ orúkọ náà.

Ọjọ́bọ̀, 10 Mágh

Mo ti ń yí ọ̀rọ̀ yìí ká láti ọjọ́ kìíní. Jẹ́ kí n kọ ọ́, kó kúrò nínú mi.

Lọ́jọ́ yẹn, a ń sun ìkòkò. Ó tó ẹgbẹ̀rún ìkòkò lábẹ́ koríko àti eérú, ọjọ́ kẹta iná. Ẹni tó ń sun ìkòkò kì í kúrò nídìí rẹ̀. Bí eérú bá là níbì kan, atẹ́gùn á wọlé, iṣẹ́ oṣù kan á fọ́. Nǹkan bí aago mọ́kànlá àárọ̀ ni Surya dé. Ó dúró ti ògiri. Ó ní, "Keshari, ṣé ọwọ́ rẹ dí?"

Mo ní, "Ṣé o ò rí i ni? Máa bọ̀ lọ́la."

Mi ò gbójú sókè. Ẹsẹ̀ rẹ̀ ni mo rí. Mo rí i tó yí padà. Ó ní, "Kò burú, Ìyá Oníná." Orúkọ àwàdà tó máa ń pè mí nìyẹn. Kò sí ẹlòmíràn tó ń pè mí bẹ́ẹ̀.

Ìkòkò yẹn jinná dáadáa. Ọ̀kan ṣoṣo ò fọ́. Àárọ̀ ọjọ́ kejì ni wọ́n bá a nínú adágún.

Mi ò sọ ọ́ fún ẹnikẹ́ni. Mi ò sọ ọ́ fún Bàbá àwọn ọmọ, tí a jọ wà nídìí iná. Wọ́n lọ gbé koríko wá nígbà náà.

Ọjọ́ Àìkú, 13 Mágh

Ọmọbìnrin kan, bí ẹni ọdún mẹ́tàlélógún. Ìborùn aláwọ̀ aró — Aláró ni màá máa pè é. Ọkọ rẹ̀ ń ṣiṣẹ́ ní Malaysia, òun ń gbé lọ́dọ̀ àwọn àna. Ó dúró lẹ́nu ọ̀nà fún bí ìṣẹ́jú mẹ́wàá, ẹsẹ̀ kan nínú ilé, ẹsẹ̀ kan níta. Mò ń se tíì mi. Wọ́n kọ́ wa pé ká má fi ojú wọ́ èèyàn wọlé.

Níkẹyìn ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, mo fẹ́ bi yín ní nǹkan kan."

Mo ní kó béèrè.

"Ọ̀sẹ̀ tí Ẹ̀gbọ́n Surya kú ni mo sọ ọ̀rọ̀ mi fún wọn. Ó wúwo. Mo rí omi lójú wọn nígbà tí mò ń sọ ọ́. Ṣé tèmi ló pa wọ́n?"

Mo gbé ife tíì sílẹ̀. Mo ní rárá o. Mo ní Surya yọ̀ ṣubú ni.

Ó wò mí bí wọ́n ṣe ń wo ẹni tó ń purọ́. "Gbogbo yín lẹ̀ ń sọ bẹ́ẹ̀ níta. Nínú ilé, wọ́n ń sọ pé yàrá yìí ló jẹ Ẹ̀gbọ́n Surya. Pé ọ̀rọ̀ wa ló kún inú wọn títí wọ́n fi rì."

Mo bi í ní ìbéèrè tí wọ́n ní ká máa béèrè ní gbangba, láìyí i po: ṣé ó máa ń wá sí i lọ́kàn láti kú? Ó ní kò tíì tó bẹ́ẹ̀, àmọ́ bílẹ̀ bá mọ́, kì í wu òun láti lajú. Mo ní kó jókòó. Ó ní òun ò fẹ́ tún pa ẹlòmíràn. Ó ti lọ.

Ìdí tí wọn ò fi wá nìyẹn. Èèyàn méjìlá lójúmọ́, olúkúlùkù jókòó sílé, ó ń rò pé òun lòun pa á.

Ọjọ́ Ajé, 14 Mágh

Mo pe Pabitra lórí fóònù nípa Aláró. Ó ní kí n má dúró dè é, kí n lọ wò ó. Mo gbé ìkòkò omi kan lọ bí ẹni tó ń kiri ọjà. Ìyá ọkọ rẹ̀ ná ìkòkò náà bí ẹni ń ná ilé. Aláró jáde láti ibi ìdáná, ó rí mi, ó mọ ohun tí mo wá ṣe. Ó rẹ́rìn-ín díẹ̀. Nígbà tí ìyá náà wọlé lọ mú owó, ó ní òun máa gbà kí nọ́ọ̀sì rí òun. Àmọ́ kì í ṣe ní yàrá yẹn.

Ó tó fún òní.

Ọjọ́rú, 16 Mágh

Sílípáàsì. Lẹ́ẹ̀mejì. Mi ò jáde mọ́.

Ọjọ́ Ẹtì, 18 Mágh

Ọkọ Surya wá. Ratna, oníwàrà dídì. Láti oṣù mẹ́ta, bí a bá pàdé lójú ọ̀nà, kálukú á máa wo ilẹ̀. Wọ́n gbé abọ́ wàrà kan sílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹní, wọ́n jókòó sórí àga àlejò.

"Kí ló sọ fún ọ?"

Mo ní ta ni.

"Mò ń ti ọjà bọ̀ lọ́jọ́ náà. Mo rí i tó ń jáde lẹ́nu ọ̀nà yín. Kí ló sọ?"

Oṣù mẹ́ta ni wọ́n ti ń gbé ìbéèrè yẹn kiri. Mo lè purọ́. Mo ti múra irọ́ náà sílẹ̀ tipẹ́: pé ó wá yá agbọ̀n. Ẹnu mi ò gbà á. Mo sọ ọ́ fún wọn bó ṣe rí: iná, eérú, máa bọ̀ lọ́la. Mo dúró kí wọ́n bú mi. Ì bá tù mí lára.

Wọ́n ń wo ọwọ́ wọn. "Èmi náà. Láàárọ̀. Mò ń di wàrà mọ́ ẹ̀yìn kẹ̀kẹ́. Ó ní, 'Bàbá Sabin, ẹ jókòó tì mí díẹ̀.' Mo ní oòrùn á ba ọjà jẹ́. Mo ní tí mo bá dé."

Mo bu tíì fún wọn.

"Kò yọ̀ ṣubú, Keshari. Ó bọ́ sílípáàsì rẹ̀ sétí omi, ó tò ó pọ̀ mọ́ra bí èèyàn ṣe ń tò ó tó bá fẹ́ wọ tẹ́ńpìlì. Èmi ni mo kó o sápò káwọn èèyàn tó dé."

Mo bi wọ́n pé kí ló dé tí wọ́n fi ní ó yọ̀.

"Nítorí àwọn tó ń wá sí yàrá yìí ni. Bí wọ́n bá gbọ́ pé ẹni tó ń gbà wọ́n níyànjú náà ò rí i gbé, kí ni wọ́n fẹ́ ṣe?"

Mo sọ ohun tí wọ́n ń ṣe fún wọn. Mo ní olúkúlùkù wọn ló ń rò pé òun lòun pa á. Wọ́n bo ojú. Wàrà wà nílẹ̀ láàárín wa títí tí wọ́n fi lọ. Mi ò lè jẹ ẹ́. Mi ò lè dà á nù.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 22 Mágh

Mo sọ gbogbo rẹ̀ fún Pabitra. Ọmọ kékeré ló jẹ́ sí mi, kò tíì pé ọgbọ̀n ọdún, àmọ́ mo sunkún níwájú rẹ̀ bí ẹni pé èmi ni àbúrò.

Ó ní, "Ṣé torí kẹ́ ẹ lè san án padà lẹ ṣe gba iṣẹ́ yìí?"

Mo ní bẹ́ẹ̀ ni.

"Òkú kì í gba ìtánràn, Ẹ̀gbọ́n. Bẹ́ ẹ bá fi ogún ọdún jókòó síbí, kò ní wá sọ fún yín pé ó tó." Lẹ́yìn náà ó ń wo ìta, ojú rẹ̀ pọ́n. "Èmi ni alábòójútó rẹ̀. Ọdún mẹ́fà ni mo fi ń bi í lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun pé ṣé dáadáa ló wà. Dáadáa ni mo ń kọ sílẹ̀."

Nígbà tó yá, ó ní ẹnì kan ní láti sọ ọ́ síta, àti pé Ratna nìkan ló lẹ́tọ̀ọ́ sí i. Ó lọ rí wọn. Wọ́n gbà. Ọjọ́ Àbámẹ́ta.

Ọjọ́ Ẹtì, 25 Mágh

Ẹ̀rù ń bà mí.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 26 Mágh

Oòrùn yọ láàárọ̀, kùrukùru tètè ká. Gbogbo èèyàn ti wà níta ní gbàgede, bó ṣe máa ń rí lọ́jọ́ ìsinmi: àwọn ìyá ń fi òróró pa ọmọ, àwọn bàbá ń ta káàdì. A tẹ́ ẹní sí iwájú yàrá. Pabitra se tíì. Ratna dìde dúró. Wọn kì í ṣe ẹni tó mọ̀rọ̀ọ́ sọ, kódà bí wọ́n bá ń ta wàrà, wọn kì í pariwo ọjà.

Wọ́n ní, "Ìyàwó mi kò yọ̀ ṣubú."

Káàdì dúró lọ́wọ́ àwọn bàbá.

Wọ́n sọ ọ́ tán. Àárọ̀ náà, kẹ̀kẹ́, wàrà. Wọ́n ní àárẹ̀ ọkàn ló mú Surya, pé ó ti ń mú un kó tó di pé ó ń jókòó nínú yàrá yìí, pé kò sí ọ̀rọ̀ ẹnikẹ́ni tó pa á, kí ẹni tó bá ń rò bẹ́ẹ̀ sọ ẹrù náà kalẹ̀. Mo wá Aláró. Ó wà lẹ́yìn òpó, ìborùn bò ó lẹ́nu, èjìká rẹ̀ ń gbọ̀n. Pabitra ti wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀.

Mo dìde. Mo sọ tèmi. Ohùn mi ò jáde dáadáa, ìyá kan ní kí n sọ ọ́ sókè, mo sì tún un sọ láti ìbẹ̀rẹ̀. Ó le ju ti àkọ́kọ́ lọ.

Bàbá Fìlà ò dìde. Ìjókòó ni wọ́n wà tí wọ́n fi ní, "Ó dé ọ̀dọ̀ mi náà. Nǹkan bí aago méjìlá. Mò ń tún kẹ̀kẹ́ tí mo fi ń mọ ìkòkò ṣe. Mo ní ìwọ ọmọ yìí, jẹ́ kí n ráyè." Lẹ́yìn wọn, ìyàwó tó ń ta òwú. Lẹ́yìn rẹ̀, olùkọ́ kan. Wọ́n ń sọ ọ́ díẹ̀díẹ̀, bí omi ṣe ń jò lára ìkòkò. Ilé márùn-ún. Ilé mẹ́fà. Ó wọ ilé dé ilé lọ́jọ́ náà, kò sì sí ilé tó sọ fún ìkejì.

Ẹni keje ni mi ò retí. Bàbá àwọn ọmọ. Wọ́n dìde lẹ́yìn mi, wọn ò wò mí. "Ó tún padà wá sílé wa lọ́sàn-án. Keshari lọ pọnmi. Surya bi mí pé ṣé Keshari wà nílé. Mo ní ọwọ́ rẹ̀ dí, kó má yọ ọ́ lẹ́nu."

Oṣù mẹ́ta. A jọ ń jẹun. A jọ ń sùn sábẹ́ kúbùsù kan. Èmi ń fi pa mọ́ fún wọn, àwọn ń fi pa mọ́ fún mi. Nígbà tí a délé, wọ́n fẹ́ sọ̀rọ̀, mo ní kí wọ́n fi sílẹ̀ ná. Mo gbé oúnjẹ wọn fún wọn. Mo jókòó tì wọ́n títí wọ́n fi jẹ ẹ́ tán.

Ọjọ́ Àìkú, 27 Mágh

Èèyàn mẹ́rin ló wá kí ọ̀sán tó pọ́n. Aláró ló kọ́kọ́ dé. Ó jókòó, ó sọ̀rọ̀ fún bíi wákàtí kan. Mi ò ní kọ ọ́ síbí.

Ìyá Ọsàn dé nígbà tí mo fẹ́ ti ilẹ̀kùn. Wọn ò mú ọsàn wá. Wọ́n wà láàárín wa lánàá, wọn ò la ẹnu. Wọ́n fi ọ̀pá wá àga.

"Keshari."

Ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn. Mo ní, "Ìyá, ẹ mọ̀ pé èmi ni?"

"Ojú mi ló fọ́, etí mi ò di. Ó kàn ń wù mí kí ẹnì kan jẹ́ orúkọ náà ni."

Mo ní kí wọ́n máà bínú tí mo jẹ́ ẹ. Wọ́n fi ọwọ́ gbá ọ̀rọ̀ yẹn dànù.

"Lánàá, gbogbo yín ń ka ilẹ̀kùn tí ẹ ò ṣí. Ẹ sunkún, ara yín fúyẹ́. Ó dáa. Èmi ò lè sọ tèmi láàárín yín, torí èmi ṣílẹ̀kùn."

Ọwọ́ wọn ń yí lórí ọ̀pá.

"Ọ̀dọ̀ mi ló dé gbẹ̀yìn. Mi ò ní iná tí mò ń dá, mi ò ní ọjà tí mò ń tà. Ó gbórí lé itan mi, ó sọ ọ́ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Mi ò kánjú. Mi ò dá a lẹ́kun ẹkún. Mo fún un lóúnjẹ, ó jẹ ẹ́. Ó fi orúnkún mi ṣe yẹ̀yẹ́, a rẹ́rìn-ín. Ó ní, 'Ìyá, ara mi ti fúyẹ́.' Oòrùn ti kúrò lójú fèrèsé kó tó dìde. Mo sùn dáadáa lálẹ́ ọjọ́ náà, torí mo rò pé mo ti ṣe é."

Wọ́n gbé ojú funfun yẹn sókè sí mi.

"Ìwọ tí wọ́n fi ogójì ọjọ́ kọ́, sọ fún mi. Bó bá jẹ́ pé ẹ̀ṣẹ̀ tiyín ni pé ẹ ò gbọ́ ọ, kí ni tèmi?"

Ọ̀rọ̀ wà tí wọ́n kọ́ wa. "Kì í ṣe ẹ̀bi yín." Òótọ́ ni, ó sì ti wà létè mi. Àmọ́ mo gbọ́ bó ṣe máa dún, bí ìgbà tí gbogbo wa ń wí pé ó yọ̀ ṣubú. Mo gbé e mì. Mo wá òmíràn. Mo wá a títí.

Mo ní, "Ìyá, mi ò mọ̀."

Ọwọ́ wọn dúró lórí ọ̀pá. Wọ́n mí kanlẹ̀.

"Ẹni tó máa sọ bẹ́ẹ̀ fún mi ni mo ti ń wá láti ọjọ́ náà," ni wọ́n wí. Lẹ́yìn náà ni wọ́n tó sunkún.